Ìmọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ìṣákọ́lẹ̀: Robert Campbell, Àdéhùn Ọdún 1859 àti Ìlànà Ìwà nínú Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ìfáárà

Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ojú kan tí àròkọ yìí ń lù ni ìbéèrè tí ó so iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ìwà: bí ẹni tí ó ní ìmọ̀ ẹ̀rọ bá wọ ìlú, tí ó sì gba àyè láti lo ilẹ̀ àti omi ìlú náà, kí ni ó jẹ àwọn onílẹ̀ ní gbèsè?

Ìbéèrè yìí ti di ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ní àwọn yunifásítì àgbáyé. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wà lónìí tí ó jẹ́ pé ìlànà ìwà nínú iṣẹ́ ẹnjiníà ni wọ́n fi gbogbo ìgbésí ayé wọn ṣe ìwádìí lé lórí, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tí a bá ń pìtàn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí, Amẹ́ríkà ni a sábà máa ń gbé e kà, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà tí ń kọ́ afárá àti ọ̀nà ti ṣe òfin ìwà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn ní ọdún 1914. Ní Nàìjíríà, ọdún 1958 ni a dá Ẹgbẹ́ Àwọn Ẹnjiníà Nàìjíríà sílẹ̀. Ọdún 1970 sì ni ìjọba ṣe òfin tí ó gbé COREN kalẹ̀ láti máa forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, kí ó sì máa ṣọ́ ìwà wọn lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ìbéèrè náà kò dúró de ọdún 1914 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá. Ní ọdún 1859, ní Abẹ́òkúta, wọ́n jókòó lé e lórí, wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú àdéhùn kan. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó fọwọ́ sí i jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, orúkọ rẹ̀ a máa jẹ́ Robert Campbell. Àdéhùn náà kò pẹ́ tí ó fi fọ́. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ àti ìdí tí ó fi fọ́ ní ẹ̀kọ́ tí ó wúlò fún olùkọ́ èyíkéyìí tí yóò kọ́ ọmọ nípa ẹ̀rọ.

Abẹ́òkúta kí Àdéhùn tó Wáyé

Ní ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ, lábẹ́ àkóso Ṣódẹkẹ́, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ àwọn ìlú wọn nínú igbó Ẹ̀gbá. Àwọn Òwu bá wọn níbẹ̀ ní ọdún 1834. Ìlú tí ọ̀pọ̀ ìlú parapọ̀ di ọ̀kan ni Abẹ́òkúta, nítorí náà, agbára kò sí ní ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn Ògbóni ní agbára tiwọn lórí ìṣèlú àti ìdájọ́, àwọn Olórógun ní tiwọn lórí ogun, àwọn Pàràkòyí sì ń ṣàkóso ọjà àti òwò. Ó di ọdún 1854 kí wọ́n tó fi Okùkẹ́nù jẹ Aláké. Lẹ́yìn ìyẹn pàápàá, Aláké kò lè dá ọ̀rọ̀ ìlú sọ láìbèèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí.

Kì í ṣe ìlú tí kò mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni àwọn àlejò bá níbẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ ọkọ́ àti àdá, àwọn ahunṣọ ń hun aṣọ òfì, àwọn aláró ń pa aṣọ láró, àwọn obìnrin ń fún epo, wọ́n sì ń se ọṣẹ. Iṣẹ́ wọ̀nyí ní òfin ìwà tiwọn. Ọmọṣẹ́ ń sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó gba ìyọ̀ǹda, kì í sì í ṣe bí a ti ń lu irin nìkan ni ó ń kọ́, ó ń kọ́ bí a ti ń bá oníbàárà lò pẹ̀lú. Irin kan náà tí alágbẹ̀dẹ fi ń ṣiṣẹ́ ni a fi ń búra níwájú Ògún: ẹni tí ó bá parọ́ lórí irin, irin ni yóò dá a lẹ́jọ́. Lójú Yorùbá, ohun èlò àti òtítọ́ ẹni tí ń lò ó kò já ara wọn sílẹ̀.

Láti ọdún 1839 ni àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n sì ti gbé ní Sàró, ti ń padà bọ̀ sí ilẹ̀ baba wọn. Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S., ṣe àbẹ̀wò àkọ́kọ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1843. Ní 1846 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí iṣẹ́ ìyìn rere múlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun tẹ̀ lé wọn. Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá, òun ni ó sì fi tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní 3 Oṣù Kejìlá, 1859. Ní àárín àwọn ọdún 1850, Thomas Clegg, oníṣòwò òwú ní Manchester, fi àwọn ẹ̀rọ tí ń yọ kóró lára òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Samuel Crowther kékeré, ọmọ Àjàyí Crowther, àti Henry Robbin, ẹni tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ òwú ní Manchester, ni wọ́n ń darí iṣẹ́ náà. Henry Venn, akọ̀wé C.M.S. ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, fẹ́ kí àwọn adúláwọ̀ fúnra wọn ní ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sì jẹ èrè rẹ̀.

Robert Campbell, Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì

Ní Kingston, ní erékùṣù Jàmáíkà, ni a bí Robert Campbell ní ọdún 1829. Ó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó sì di olùkọ́ ilé-ìwé. Nígbà tí nǹkan le ní erékùṣù náà, ó lọ sí Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, láti ibẹ̀ ni ó ti dé New York, àti lẹ́yìn náà Philadelphia. Láti ọdún 1855 ni ó ti ń kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Institute for Colored Youth, ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1837 fún àwọn ọmọ adúláwọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò kú. Òun ni ó di Yunifásítì Cheyney lónìí.

Ipò tí olùkọ́ bẹ́ẹ̀ wà nígbà náà ṣòro. Ó mọ bí ayé àti ìṣẹ̀dá ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì lè fi yé ọmọ, ṣùgbọ́n ìlú tí ó ń gbé kò gbà pé òun tàbí àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ lè lo ìmọ̀ náà bí àwọn yòókù ti ń lò ó. Ní 1857, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ nínú ẹjọ́ Dred Scott pé adúláwọ̀ kò lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Martin Delany, dókítà adúláwọ̀ tí Yunifásítì Harvard ti gbà láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní 1850, tí wọ́n sì tún lé e kúrò nítorí àwọ̀ rẹ̀, gba àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àpéjọ àwọn adúláwọ̀ ní Chatham, ní Kánádà, pé kí ó lọ wá ilẹ̀ tí wọn yóò tẹ̀dó sí ní Áfíríkà. Campbell ni ó yàn gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí yóò bá a lọ.

Campbell gba Ìlú Ọba kọjá, níbi tí àwọn oníṣòwò òwú ti ràn án lọ́wọ́, ó sì gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù keje ọdún 1859. Delany gba ọ̀nà Làìbéríà, ó sì bá a ní Abẹ́òkúta ní oṣù kọkànlá. Nínú ìwé tí Campbell kọ nípa ìrìn-àjò náà, tí ó jáde ní 1861, ó ròyìn oko, ọjà, iṣẹ́ ọwọ́ àti ètò ìdájọ́ àwọn Ẹ̀gbá. Ohun kan tí ó ṣàkíyèsí ju ọ̀pọ̀ àlejò lọ ni ètò ilẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá rí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò lè gba ìwọ̀n tí ó lè ro, yóò sì máa jẹ́ tirẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń lò ó. Bí ó bá fi í sílẹ̀, ilẹ̀ náà padà di ti gbogbogbòò.

Ẹ̀rọ Kan, Ìwà Méjì

Kí a tó wọ inú àdéhùn náà, ó yẹ kí a mọ ẹ̀rọ tí ó wà lọ́kàn àwọn tí ó ṣe é. Ẹ̀rọ òwú ni. Ní ọdún 1793, Eli Whitney ṣe ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà tí ń yọ kóró lára òwú. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ènìyàn fi ń pẹ́ di ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe kíákíá. Ènìyàn lè rò pé ẹ̀rọ tí ó dín iṣẹ́ kù yóò dín ìnira ẹrú kù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òdì-kejì ni ó ṣẹlẹ̀. Nítorí pé òwú ti di ohun tí ń mú owó wọlé, àwọn olóko ń fẹ́ ilẹ̀ sí i àti ẹrú sí i láti gbìn ín àti láti ká a. Ní 1790, àwọn ẹrú ní Amẹ́ríkà kò tó 700,000. Ní 1860, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000,000.

Ẹ̀rọ irú kan náà ni Clegg fi ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ìrètí tí ó bá a wá yàtọ̀. Campbell àti Delany gbà pé bí àwọn òmìnira bá gbin òwú ní ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n sì tà á fún Manchester, òwú tí a fi ẹrú gbìn ní Amẹ́ríkà yóò pàdánù ọjà rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó ti so ẹrú mọ́lẹ̀ ní ìhà kan òkun ni wọ́n fẹ́ fi tú u sílẹ̀ ní ìhà kejì.

Ó yẹ kí a sọ òótọ́ nípa ilé tiwa pẹ̀lú. Bí owó epo pupa àti ti òwú ṣe ń pọ̀ sí i ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ológun àti àwọn oníṣòwò ńlá ń fi ẹrú àti ìwọ̀fà kún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lóko wọn. Kò sí ohun kan nínú irin ẹ̀rọ náà tí ó lè dènà èyí. Ẹ̀rọ kò ní ìwà tirẹ̀. Májẹ̀mú tí àwọn ènìyàn bá dá yí i ká ni ó ń di ìwà rẹ̀. Ìdí nìyí tí àdéhùn ọdún 1859 fi ṣe pàtàkì.

Àdéhùn 27 Oṣù Kejìlá, 1859

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé díẹ̀ lẹ́yìn tí Ìwé Ìròyìn kọ́kọ́ jáde, Aláké Okùkẹ́nù, Baṣọ̀run Ṣómóyè àti àwọn ìjòyè bíi Ṣókẹ́nù àti Ògúnbọ̀nà fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Delany àti Campbell. Àjàyí Crowther àti ọmọ rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí.

Kókó mẹ́rin ni ó wà nínú ìwé náà. Èkíní, Aláké àti àwọn ìjòyè gbà pé kí àwọn adúláwọ̀ tí yóò ti Amẹ́ríkà bọ̀ máa bá àwọn Ẹ̀gbá gbé pọ̀ lórí ilẹ̀ Abẹ́òkúta èyíkéyìí tí ẹlòmíràn kò bá ti gbà tẹ́lẹ̀. Èkejì, bí ẹjọ́ bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn àlejò nìkan, kí wọ́n fi àṣà tiwọn parí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ní ìdápadà fún àǹfààní wọ̀nyí, kí àwọn àlejò mú ọgbọ́n, ẹ̀kọ́, ìmọ̀ iṣẹ́ ọnà àti sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ wá, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí lò wọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ fún ìtọ́jú ilẹ̀ náà. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn àlejò bọ̀wọ̀ fún òfin Ẹ̀gbá délẹ̀délẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan tọ̀tún-tòsì, kí ìhà méjèèjì yan aṣojú tí iye wọn dọ́gba, kí àwọn wọ̀nyí sì ní agbára láti parí rẹ̀.

Kókó kẹta ni ó yẹ kí onímọ̀ ẹ̀rọ wò dáadáa. Wọn kò fi owó ra ilẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ kì í ṣe ohun títà. Wọn kò sì gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ìmọ̀ ni wọ́n fi gbà á. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó bá èyí mu ju ọ̀rọ̀ inú ìwé àdéhùn náà fúnra rẹ̀ lọ: ìṣákọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó gba ilẹ̀ dáko a máa mú iṣu, àgbàdo tàbí epo lọ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún. Kì í ṣe owó ilẹ̀. Àmì ni pé ó mọ̀ pé ilẹ̀ ní olówó. Ẹni tí ó bá kọ̀ tí kò san ìṣákọ́lẹ̀ ti sọ pé òun ni ó ni ilẹ̀, onílẹ̀ sì lè gbà á padà. Bí a bá fi ojú yìí wo àdéhùn 1859, gbèsè tí ó wà lọ́rùn onímọ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe èyí tí a san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí á sì lọ. Gbèsè tí ń yí po ni. Ìmọ̀ náà gbọ́dọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ onílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí àlejò bá ń lo ilẹ̀. Ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ wá tí kò kọ́ni ní ìmọ̀ rẹ̀ jẹ gbèsè ìṣákọ́lẹ̀.

Kókó kẹrin ni ó fi ààlà sí i. Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kí ó má ní ààlà. Àdéhùn náà kò gbà pé ìmọ̀ àlejò gbé e ga ju òfin ìlú lọ, kò sì fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún ìhà kan. Ó tó àwọn ọdún 1970 kí àwọn ẹgbẹ́ ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà tó kọ ọ́ sínú òfin ìwà wọn ní kedere pé ààbò, ìlera àti ire àwọn ará ìlú ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun gbogbo. Àdéhùn Abẹ́òkúta kò lo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ó ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ òfin ìwà kò ṣe: ó fún àwọn ará ìlú ní ìjókòó níbi tí a ti ń dájọ́ iṣẹ́ náà.

Bí Àdéhùn náà ṣe Fọ́

Ní oṣù kẹrin ọdún 1860, Campbell àti Delany fi Èkó sílẹ̀ láti lọ wá owó àti ènìyàn. Wọn kò kó àwọn àlejò náà dé Abẹ́òkúta mọ́. Ìdí mẹ́ta pàtàkì ni a lè tọ́ka sí.

Ìdí kìn-ín-ní ni àtakò. Townsend kò fẹ́ kí àwọn adúláwọ̀ tí ó kàwé, tí kò sí lábẹ́ ìjọ rẹ̀, ní agbára ní Abẹ́òkúta. Àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó náà kò fara mọ́ ọn. Ní ọdún 1861, lábẹ́ ìfúngun mọ́ni yìí, Aláké àti àwọn ìjòyè sọ pé àwọn kò fi ilẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti wí. Ìdí kejì ni ogun. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, àwọn Ẹ̀gbá sì gbè sẹ́yìn Ìjàyè títí tí Ìbàdàn fi fọ́ ìlú náà ní 1862. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ní Amẹ́ríkà, ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún náà, Delany sì yíjú sí i.

Ìdí kẹta wà nínú àdéhùn náà fúnra rẹ̀. Aláké àti àwọn olóyè ogun ni wọ́n pọ̀ jù lára àwọn tí ó fọwọ́ sí i. A ti rí i pé agbára ní Abẹ́òkúta pín sí ọ̀nà púpọ̀, àti pé ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn ìlú àti àwọn ìdílé. Ìwé tí ó sọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe gbogbo ìlú ni ó jókòó lé e lórí, rọrùn fún alátakò láti fà ya. Campbell, tí ó mọ òfin ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kọ ọ́ sínú ìwé, kò ka ìdílé onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ àwọn tí ó yẹ kí a bi. Àṣìṣe yìí ni onímọ̀ ẹ̀rọ sábà máa ń ṣe. Ó máa ń bi ẹni tí ó ní àṣẹ, kì í sì í bi ẹni tí ó ní ilẹ̀.

Campbell kò fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Ní 1862, ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí Èkó, ó ń gbé ibẹ̀ títí ó fi kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1884. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí ó kọ́ ní èwe ni ó fi dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní 6 Oṣù Kẹfà, 1863. Gómìnà Freeman ti fẹ́ kí ìjọba gbé owó orí lé ìwé ìròyìn kí tirẹ̀ má baà gbèrú, ṣùgbọ́n ìjọba Lọ́ńdọ́ọ̀nù kò gbà fún un. Ìwé ìròyìn náà ń jáde títí di ìparí ọdún 1865. Ní 1866, ó dá Academy sílẹ̀ ní Èkó, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń pàdé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni alátìlẹ́yìn rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí kò tilẹ̀ rí ilẹ̀ Ẹ̀gbá gbà, ó san ìṣákọ́lẹ̀ ìmọ̀ fún àwọn ará Èkó fún ogún ọdún.

Nígbà tí Májẹ̀mú bá Ti Fọ́

Ìtàn Ẹ̀gbá lẹ́yìn náà fi hàn pé bí ìgbẹ́kẹ̀lé bá bàjẹ́, ara ẹ̀rọ ni ó sábà máa ń hàn sí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, nígbà tí ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ilẹ̀ Ẹ̀gbá mọ́lẹ̀, àwọn ará ìlú dìde sí àwọn òyìnbó nínú rúkèrúdò tí a mọ̀ sí Ìfọ́lé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Townsend bá a lọ, Ìwé Ìròyìn sì dópin. Ní oṣù kẹfà ọdún 1918, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Ẹ̀gbá pàdánù òmìnira rẹ̀, owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe fa Ogun Àdùbí. Lára ohun tí àwọn tí inú ń bí kọ́kọ́ hú ni irin ojú-ọ̀nà rélùwéè. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kórìíra ìwé tàbí ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n ti ń ka ìwé náà, wọ́n sì ti ń wọ ọkọ̀ náà. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni ẹ̀rọ tí ó ti di apá ìjọba tí kò bi wọ́n léèrè.

Ọ̀yán: Ìdánwò Tòní

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 29 Oṣù Kẹta, 1983, Ààrẹ Shehu Shagari ṣí dáàmù Ọ̀yán ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ ńlá ni. Adágún rẹ̀ lè gba omi tí ó tó mílíọ̀nù 270 mítà oníhà mẹ́ta. Wọ́n ṣe é kí ó lè fún Èkó àti Abẹ́òkúta ní omi, kí ó sì bomi rin oko tí ó tó 3,000 hẹ́kítà. Ẹ̀rọ mẹ́ta tí ń pèsè iná mànàmáná, tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mẹ́gáwáàtì 3, ni wọ́n gbé síbẹ̀ ní ọdún náà. Títí di ọdún 2007, wọn kò tí ì lò wọ́n.

Omi ìlú ńlá kì í ṣe ohun kékeré; ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn abúlé wà tí omi bò, tí àwọn ará ibẹ̀ kó lọ tẹ̀dó sí etí adágún náà. Omi tí ń ṣàn ti di omi adúrójẹ́ẹ́, omi bẹ́ẹ̀ sì ni irú ìgbín kékeré kan tí ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá fẹ́ràn. Ẹni tí ó ní àrùn náà tọ̀ sínú omi, ẹyin kòkòrò pa, kòkòrò wọ inú ìgbín, ó tún jáde, ó sì gba awọ ara wọ inú ẹni tí ń wẹ̀, tí ń pọnmi tàbí tí ń pẹja. Àwọn olùwádìí ti ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀ láàárín àwọn ará etí adágún náà láti àwọn ọdún 1980, wọ́n sì rí i pé àrùn náà gbilẹ̀ púpọ̀, pàápàá láàárín àwọn ọmọdé. Ní ìsàlẹ̀ odò, ní Ìṣẹrì àti Ajégúnlẹ̀ ní ẹnu ààlà Èkó, àwọn ará ibẹ̀ mọ dáàmù náà ní ọ̀nà mìíràn: nígbà tí wọ́n tú omi sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi wọ ilé wọn.

Kò sí ẹ̀rí pé ẹnjiníà tí ó ya àwòrán dáàmù náà ṣi ìṣirò ṣe. Odi náà dúró, omi sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú ńlá. Ibi tí ìbéèrè wà ni ibi tí àdéhùn 1859 ti fi ìka sí. Ara ta ni èrè iṣẹ́ náà sọ̀kalẹ̀ sí, ara ta sì ni ewu rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí? Àwọn tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún omi, ìṣákọ́lẹ̀ wo ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́dọọdún? Bí omi bá wọlé, níbo ni wọn yóò ti bá àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ jókòó ní iye tí ó dọ́gba? Oògùn àtọ̀sí ajá wà, kò sì wọ́n. Kànga àti ilé ìyàgbẹ́ tí yóò gba àwọn ọmọ kúrò nínú adágún kì í ṣe ohun tí ó ṣòro fún ẹni tí ó lè sé odò ńlá. Bí wọn kò bá sí nínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àìmọ̀ iṣẹ́ ni, àìbéèrè ni.

Ìgúnlẹ̀

Nínú àròkọ yìí, a ti rí i pé ìlànà ìwà nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹ̀rọ òwú fi hàn wá pé irin kan náà lè so ẹrú mọ́lẹ̀, a sì lè fi wá ọ̀nà àtitú u sílẹ̀. Àdéhùn 1859 fi hàn pé ìmọ̀ ni ìṣákọ́lẹ̀ tí onímọ̀ ẹ̀rọ jẹ, àti pé òfin ìlú ni ààlà oko rẹ̀. Bí àdéhùn náà ṣe fọ́ kọ́ wa pé ìfọwọ́sí àwọn aláṣẹ nìkan kò tó. Ọ̀yán sì fi hàn pé ìbéèrè náà ṣì ń dúró de ìdáhùn lẹ́bàá ilé wa.

Olùkọ́ tí ń gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì òní ni yóò kọ́kọ́ kọ́ ẹnjiníà ọ̀la ní ohun tí ẹ̀rọ jẹ́. Nígbà tí ó bá ń kọ́ ọmọ nípa kànga ẹ̀rọ, òpó tẹlifóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ìbéèrè mẹ́ta wà tí ó lè fà yọ láti inú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní Abẹ́òkúta ní 1859: Ta ni a bi kí á tó gbé e wá? Ìmọ̀ wo ni yóò kù sí ọwọ́ àwọn ará ìlú? Bí ó bá di ẹjọ́, ta ni yóò jókòó dá a? Ọmọ tí ó bá ti mọ́ lára láti béèrè wọ̀nyí láti kékeré, bí ó bá dàgbà tí ó sì di ẹnjiníà, kò ní dé ẹnu ọ̀nà onílẹ̀ ní ọwọ́ òfo.